Ẹ Má Torí Àyè Kan Ya Ẹni Méjì

Níbi ìpàdé tí a ṣe lórí ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wa, ẹnì kan dábàá pé kí a yọ eré ẹléni-méjì kúrò nínú ìdíje tẹníìsì orí tábìlì. Ó ní ó ń jẹ àkókò, àti pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n gbá, kò sẹ́ni tí a kò lè fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ìgèdè-Èkìtì ni mo dàgbà sí. Láti JS 2 ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń gbá ẹyin, bí a ṣe ń pe bọ́ọ̀lù kékeré náà, lórí tábìlì pákó kan lẹ́yìn kíláàsì wa. Kò sí nẹ́ẹ̀tì. Búlọ́ọ̀kù méjì àti pákó gbọọrọ la fi dí àárín rẹ̀. Òfin eré ẹléni-méjì ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbá ẹyin lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Bí mo bá gbá a tán, mo gbọ́dọ̀ yà lọ́nà kíákíá, nítorí ẹ̀kejì mi ló kàn. Bó ti wù kí ọwọ́ mi yá tó, mi ò lè bá a gbá tirẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì lọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ ọ̀tún lèmi ń lò, nítorí náà a kì í kọlu ara wa. Ó gbà wá tó ọdún mẹ́ta kí ìrìn wa tó bára mu.

Ní SS 2, wọ́n pè wá sí Adó láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ sí ìdíje kan. A na gbogbo àwọn tí wọ́n kó pàdé wa. Ṣùgbọ́n àyè kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀gá tó ń yàn wá ní kí èmi máa bọ̀, pé àwọn yóò wá ẹlòmíràn fún mi. Mo gbà. Mi ò tilẹ̀ bi í pé, "Òun ńkọ́?"

Ẹni tí wọ́n fún mi mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún lòun náà ń lò. À ń gbún ara wa, à ń bẹ ara wa, wọ́n sì lé wa wálé lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀rẹ́ mi ò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n fún ọ?" Láti ọjọ́ náà, kò di báàtì mú mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tó lẹ́bùn yóò rí ẹlòmíràn. Ẹ wo Vanessa James, tó ti fi bàtà onírin jó lórí yìnyín ní méjì-méjì rí. Òun àti Yannick Bonheur ṣojú ilẹ̀ Faransé ní Òlíńpíìkì Vancouver lọ́dún 2010. Lẹ́yìn náà, òun àti Morgan Ciprès jọ bẹ̀rẹ̀, ọdún 2019 ni wọ́n tó gba góòlù ilẹ̀ Yúróòpù. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ! Ọmọ ilé ìwé tó ń gbá eré àwọn ọ̀dọ́ kò ní ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ orí yóò ti lé e kúrò.

Lóòótọ́, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan la mọ̀ jù: Aruna Quadri tó dé ìpele ẹlẹ́ni-mẹ́jọ ní Rio lọ́dún 2016, Segun Toriola àti Funke Oshonaike tí wọ́n lọ sí Òlíńpíìkì méje-méje. Òlíńpíìkì pàápàá yọ eré ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì lẹ́yìn ọdún 2004. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kéde pé yóò padà wá ní Los Angeles lọ́dún 2028. Ṣé àwa la ó wá yọ tiwa?

Èrò tèmi ni pé kí méjì-méjì máa forúkọ sílẹ̀ pọ̀, kí a sì yàn wọ́n pọ̀. Bí àyè bá ku ẹyọ kan, kí a kọ́kọ́ wá ìkejì rẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé ṣe rárá, kí ẹni tí wọ́n mú ṣe ohun tí èmi kò ṣe lọ́jọ́ náà ní Adó. Kó bi ọ̀gá pé, "Òun ńkọ́?"