Ẹ Jẹ́ Kí Ìkórè Ra Sólà

Olóòtú,

Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti to sólà tó lé ní 2,000 sórí òrùlé gbọ̀ngàn Paul Kẹfà ní Vatican. Ní 2024, Póòpù Francis pàṣẹ kí wọ́n ṣe èyí tí yóò tó gbogbo ibẹ̀ lò, kí èéfín tó ń mú ayé gbóná lè dínkù.

Àwa ńkọ́? Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ owó igbá ọrẹ wa. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ti ń ràn kí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀! Lóòótọ́, sólà wọ́n, ìsìn àìsùn yóò sì gba bátìrì. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ wo la kì í ra epo? Ẹ̀yin alàgbà, owó ìkórè tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ra sólà.

Ọmọ Ìjọ,
Ìbàdàn.