Oorun Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ní Botro, ìlú àwọn Baoulé oníṣu tí kò jìnnà sí Bouaké nílẹ̀ Côte d'Ivoire, ni mo ti rí oníṣòwò kan, ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògìyán ajẹyán, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Anago níbẹ̀, tó fọwọ́ sọ àyà pé láti ìgbà tí òun ti fi ilé sílẹ̀ wá wá owó, òun kò mọ ohun tí ń jẹ́ àsùngbádùn. Àwọn tó wà nítòsí sì kan sáárá sí i bí ẹni pé ó pa ẹkùn. Èmi kò kan sáárá, nítorí mo ti rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó kó sápò agbádá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sùn." Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín.

Iṣan gígùn kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní vagus, tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí àyà àti ikùn. Bí oorun bá wọra tán, òun ni í gba ìjánu lọ́wọ́ àwọn iṣan tí ń múni sáré, tí ń múni jà, tí ọkàn yóò fi máa lù jẹ́jẹ́, tí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tì yóò sì rọlẹ̀ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Àlá ló tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀. Otto Loewi, ará Graz nílẹ̀ Austria, lá bí òun ṣe lè dán an wò lára ọkàn àkèré; ó jí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ mọ́, kò lè ka ohun tó kọ; nígbà tí àlá náà padà wá lóru kejì, kò dúró mọ́, ilé ìwádìí ló gbà lọ. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1921, ẹ̀bùn Nobel sì bá a ní 1936. (Ta ni í lálàá láìsùn?)

Ní 2000, Kevin Tracey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi hàn lára eku pé iṣan yìí kan náà lè bomi pa iná wíwú àti gbígbóná ara. Ogun tí ara ń gbé ti àrùn ni wíwú náà. Ogun rere ni, bí ó bá mọ ìgbà tí yóò káwọ́. Bí kò bá káwọ́, ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọjú ìjà sí, nítorí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 2019, Cameron McAlpine, Filip Swirski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston ń já oorun mọ́ eku lójú. Mùdùnmúdùn inú eegun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn jagunjagun inú ogun yìí, jáde ní àpọ̀jù, ọ̀rá sì ń dì mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti àwọn tó sùn lọ.

Eku kì í ṣe ènìyàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ní 2022 wọ́n fi oorun wákàtí 7 sí 9 kún ohun tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tọ́jú nítorí ọkàn rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ọrọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wá lọ sí Botro.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ṣòwò ní Botro, ní Bouaké àti ní Abidjan, ẹ má ṣe kan sáárá sí ẹni tí kò sùn mọ́. Ẹ bá a tẹ́ ẹní.