ẸNI TÓ JÓ ÀGA DÁNFÓ MỌ́LẸ̀, Ẹ́ŃJÌNNÌ LÓ TÌ MỌ́LÉ

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń wọ dánfó láti Ojota gba Oregun lọ sí Ikeja, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín bí àga ibẹ̀ ṣe rí. Irin rẹ̀ á fa ìró ya, pákó rẹ̀ á gún ìdí, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bí ọkọ̀ bá tún wá dákẹ́ sójú títì, dẹ́rẹ́bà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ dìde, ẹ́ńjìnnì ló wà nídìí yín." Àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o.

Ọmọ Jámánì ni ọkọ̀ yìí. Ní 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1951, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Westfalia ti ń to bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ fún àwọn òyìnbó tó fẹ́ gbé ìyàwó àti ọmọ lọ gbafẹ́, kí wọ́n máa sùn síbẹ̀, kí wọ́n máa sebẹ̀ níbẹ̀. Yàrá onítáyà! Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni bẹ́ẹ̀dì dé orí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù orí ẹ́ńjìnnì yẹn, ó ṣeé gbé kúrò. Ohun tí àwọn jórinjórin tiwa ń gbàgbé nìyẹn.

Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti òkè òkun dé, ọkọ̀ ẹrù ni. Kò ní fèrèsé, kò ní àga. Wọ́n á gé páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi gíláàsì sí i, wọ́n á wá kan àga. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ ká jó o mọ́lẹ̀ pátápátá. Bóòtì máa ń tú."

"Jó o jàre. Kí o sì fi ìlà kan kún un, ìlà kẹrin ló ń sanwó epo."

Òótọ́ ni, ó ń sanwó epo. Ta ni yóò wá san owó ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sùn sí wọ́ọ̀kúṣọ́ọ̀bù? Volkswagen tó jáde láti 1979, tí imú rẹ̀ fẹ̀, inú ọkọ̀ lókè ẹ́ńjìnnì ni ìdérí tí mẹkáníìkì ń ṣí wà. Tí àga ẹ̀yìn bá ti jó mọ́ ọn lórí, àfi kí wọ́n tún fi iná gé e kí wọ́n tó lè pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì. Ti LT tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 yàtọ̀: àárín dẹ́rẹ́bà àti ẹni iwájú ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà. Ẹni tó bá lọ jó àga kékeré sórí ìdérí yẹn nítorí èrò kan ṣoṣo, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Bóòtì tó ń tú, ẹni tó dè é ni kò dè é dáadáa. Kí irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ ọkọ̀, kí bóòtì má baà fa páànù ya. Kí nóòtì jẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa ti èkejì. Àga ẹ̀yìn, ẹ ṣe é ní oníhínjì kó máa ká sókè. Ẹnu irin tó ń fa aṣọ ya, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọ wọ abẹ́ fóòmù. Kí ẹnikẹ́ni tó tan iná wẹ́dà o, kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n gbé táǹkì epo kúrò.

Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni rọ́bà pẹtiróòlù. Nínú Volkswagen àtijọ́ tí kò ní rédíétọ̀, tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé epo lọ sí kabúrétọ̀, nítòsí irin gbígbóná. Ooru á mú un le, á sán, á máa jò. Iná kékeré tó bá ṣẹ́ lára wáyà ti tó. Rọ́bà yìí ò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àga, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí kò rí i kò lè pààrọ̀ rẹ̀. Èrò tó jókòó lé e lórí kò sì mọ nǹkan kan, àyàfi tó bá gbóòórùn epo.

Níbo wá ni wọ́n máa gbà jáde? Láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972 ni mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Bọ́ọ̀sì tó bá ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, apá òsì ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sábà máa ń wà. Àwọn kan á gbé sítíárìn kọjá sí apá kejì, wọ́n á fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ síbi tó wà, kọ̀ńdọ́ á wá máa já ìyá arúgbó pẹ̀lú igbá tòmátò sí àárín títì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gba iye tí panẹbítà máa gbà láti gbé ilẹ̀kùn náà sí apá ọ̀tún kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó tí ẹ máa fún ẹni tó ń tà á.