Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Kì í Pa Arọ

 

Bí a bá ní kí ìjọ múra sílẹ̀ de ọjọ́ ewu, àwọn kan a máa sọ pé: “Ẹ má fẹnu pe ibi wá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.” Àmín ni a ṣe sí àdúrà náà. Ṣùgbọ́n ṣé aláìgbàgbọ́ ni Jósẹ́fù tó fi ọdún méje kó ọkà jọ ní Íjíbítì? Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan olùṣọ́ sórí odi tọ̀sán-tòru. Àdúrà àti ìmúrasílẹ̀ kì í bá ara wọn jà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì gan-an, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀mí tó bọ́ níbẹ̀ kò dín ní 40. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ìjọ Christ Apostolic ní Èrúkù, ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni 38 nínú wọn tó gba òmìnira. Kwara kò jìnnà sí wa. Aládùúgbò Òkè-Ògùn ni.

Ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe àṣà àjòjì ní ilẹ̀ wa. Ní ayé ogun ìgbà àwọn baba ńlá wa, àwọn ìletò kéékèèké tí kò lè dá dúró kó ara wọn jọ sí ibi tí òkè ti ṣe odi fún wọn. Báyìí ni Òkèhò ṣe di ìlú. Àjọrìn wọn ni agbára wọn.

Ẹ tún wo ọdún 2014. Ọjọ́ 20 oṣù keje ni àrùn Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 péré ló mú, 8 kú. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ètò tí wọ́n ti tò sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n yí padà sí ti Ebola. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ ojúlé dé ojúlé ní nǹkan bí ìgbà 18,500, láti yẹ àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 wò. Iṣẹ́ tí a ṣe sílẹ̀ lánàá ló gba ẹ̀mí là.

Nígbà náà, kí ni kí a ṣe ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní gbogbo agbègbè wa? Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn arúgbó, opó, aboyún àti aláàbọ̀ ara sílẹ̀, kí a sì yan ẹni tí yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Olówó ní mọ́tò tí yóò fi sá. Ta ni yóò gbé màmá tí kò lè dìde? Kí gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn ṣeé ṣí láti inú, kí àga má dí ọ̀nà. Kí àwọn nọ́ọ̀sì àárín wa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kí a kọ 112 àti 615, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, sára ògiri. Kí a ro ẹ̀bá ilé kí ọyẹ́ tó dé, nítorí iná ọdẹ kò mọ ilé yàtọ̀ sí oko. Ní àsìkò ìkórè, kí olúkúlùkù yọ díẹ̀ nínú àgbàdo, ọkà bàbà àti ẹlùbọ́ rẹ̀ sí abà ìjọ, fún ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí tàbí tí àlejò bá sá wá bá wa.

Ewu kò bèèrè ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ará wa Mùsùlùmí jókòó ṣètò pọ̀. Kí a má sì ṣe torí iṣẹ́ ibi àwọn ìkà sọ Fúlàní tí a ti jọ ń ná ọjà láti ọjọ́ pípẹ́ di ọ̀tá. Ẹni tó bá gbọ́ àhesọ, kó wádìí kó tó tan án kálẹ̀.

Gbogbo èyí kò yọ ìjọba lọ́rùn. Ààbò ẹ̀mí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn, a ó sì máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìṣojo. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́pàá tàbí Amọ̀tẹ́kùn tó dé, aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ dé.

Kí ìpàdé ìjọ tó ń bọ̀ má parí láìyan ìgbìmọ̀ kan fún iṣẹ́ yìí. Olúwa yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.