Àkáǹtì màmá àgbà: orúkọ tiwọn, nọ́ńbà tiwọn, báńkì tí ẹsẹ̀ wọn lè dé

1/ Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ tó wà l'Ékòó, n'Ìbàdàn àti lókè òkun. Màmá àgbà tó wà nílé ò nílò app tuntun. Àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán ni wọ́n nílò, lórúkọ tiwọn, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tiwọn, ní báńkì tí ẹsẹ̀ wọn lè dé. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

2/ Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. Owó màmá ń gba inú àkáǹtì àbúrò tó wà nílé, tàbí app tó wà lórí fóònù ọmọ-ọmọ. Ó yá, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta obì ní Ṣágámù fún ogójì ọdún, tó fi owó obì rán ọmọ níwèé, ló wá ń bẹ ọmọ ogún ọdún pé "jọ̀wọ́, bá mi wò ó bóyá owó mi ti wọlé." Ìyẹn ò dáa. Owó wọn ni. Kì í ṣe súìtì tí à ń há fún ọmọdé.

3/ Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé àwọn àgbà wa ò mọ báńkì. Ọmọ Ìperu ni Olóyè M. A. Okupe tó dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀ lọ́dún 1945, èyí tó di Wema Bank lọ́dún 1969. Wọ́n mọ báńkì dáadáa. Wọ́n tún mọ ohun tí báńkì lè fojú èèyàn rí: ní January 1998, báńkì 26 ni CBN gba ìwé àṣẹ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí màmá bá ń bẹ̀rù báńkì, ẹ má pè é ní àìmọ̀wé. Ìrírí ni.

4/ Àjọ ńkọ́? Mi ò bá àjọ jà. Alájọ ń wá bá wọn nídìí ọjà lójoojúmọ́, kò sì béèrè NIN. Wọn ò kàn ṣàdédé máa sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀: ẹni tó ń dá 500 náírà lójúmọ́ á dá 15,000 lóṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan, 14,500 ló kù. Owó iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí alájọ bá sá lọ, tàbí tó kú lójijì, ta lẹ fẹ́ mú? Tèmi ni pé kí àjọ máa kó owó ojoojúmọ́ jọ, kí owó ìparí oṣù máa wọ báńkì.

5/ Báńkì wo? Ẹ kọ́kọ́ wo ààbò. NDIC ló ń san owó fún èèyàn tí báńkì bá kógbá sílé. May 2024 ni wọ́n sún iye tí wọ́n lè san fún ẹnì kan láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5 ní báńkì ńlá. Ní microfinance bank, wọ́n sún un láti 200,000 sí mílíọ̀nù 2. Kò pẹ́ rárá: June 3 ọdún yẹn ni CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank. BVN ni NDIC fi wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn oníbàárà ní, ibẹ̀ ni wọ́n sì sanwó sí. Ṣé ẹ rí i pé orúkọ tó bá BVN mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré?

6/ Microfinance àdúgbò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Àmọ́ 132 nínú wọn káàkiri Nàìjíríà ni CBN gba ìwé àṣẹ wọn lọ́dún 2023. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà: ṣé NDIC mọ̀ yín? Tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ń ṣe kámikàmìkámi, ẹ yáa máa lọ.

7/ Lẹ́yìn ààbò, ẹsẹ̀ ló kàn. Tí màmá bá ń gbé n'Ìkẹ́nnẹ́, báńkì tó máa ní kí wọ́n wọkọ̀ lọ Ṣágámù kí wọ́n tún lọ tò sórí ìlà kì í ṣe báńkì tó rọrùn, bó ti wù kí ìpolówó ẹ̀ dùn tó. Ẹ ka owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ mọ́ owó báńkì. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí náírà dọ̀wọ́n: owó wà nínú app, kò sí tí wọ́n máa fi ra ata.

8/ Irú àkáǹtì wo? Savings, kì í ṣe current. Owó ìtọ́jú àkáǹtì tí wọ́n ń yọ lórí current, CBN ò fàyè gbà á lórí savings. Lára ohun tí wọ́n lè yọ ni owó alert, tó di 6 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní May 2025, àti owó káàdì tí ẹ bá gba káàdì. Tier 1 ló rọrùn jù láti ṣí, ṣùgbọ́n owó inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 300,000 náírà lọ, òun náà sì ti ń béèrè BVN tàbí NIN báyìí. Tí wọ́n bá ń retí owó ilẹ̀ tàbí owó gíráńtì, ẹ gbé e lọ sí Tier 3 kí owó tó dé.

9/ Ẹ má torí èlé yan báńkì. Lóòótọ́, láti 2022 ni CBN ti ní kí èlé savings má dín sí 30% MPR. Pẹ̀lú MPR 27% tó wà ní September 2025, 100,000 náírà á bí nǹkan bíi 8,100 lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí. Ó dáa, àmọ́ ọjà ń gbówó lórí. Ibi tí owó ti ń sùn láìséwu nìyẹn, kì í ṣe ibi tí owó ti ń bímọ.

10/ Ibi tí màá ti bá yín jà nìyí: nọ́ńbà fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà màmá fúnra wọn ni kó wà lórí BVN àti àkáǹtì náà. Tí wọn ò bá lè ka alert, ẹnì kan lè kà á fún wọn, ṣùgbọ́n inú fóònù tiwọn ni kó ti dún. Tóṣọ́ọ̀nù ẹlẹ́rọ kékeré tó. Ẹ máa ra káàdì sí i, kí wọ́n máa fi pe èèyàn: tí wọn ò bá lò ó fún oṣù 6, wọ́n lè ti í pa, tó bá sì pẹ́ síi, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì.

11/ Káàdì ATM? Tí wọn ò bá béèrè fún un, ẹ fi sílẹ̀. Káàdì tí gbogbo ilé mọ nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ ti di àpò gbogbo ilé. Ẹni tí kò lè fọwọ́ síwèé lè tẹ ìka. Tí iṣẹ́ bá ti pa ojú ìka wọn rẹ́, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ mú sùúrù, ẹ má jẹ́ kí ọmọ báńkì kankan pariwo mọ́ wọn.

12/ Ọ̀rọ̀ next of kin: kì í ṣe ajogún o! Ẹni tí báńkì máa pè ni. Tí ọlọ́jọ́ bá dé, kóòtù ló ń fúnni níwèé àṣẹ láti pín owó náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan tí màmá fúnra wọn yàn mọ̀ pé àkáǹtì náà wà. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn fún ọdún 10, ọ̀dọ̀ CBN ni owó inú ẹ̀ ń lọ.

13/ Nítorí náà, kí ẹ tó download ohunkóhun, ẹ jókòó ti màmá, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: báńkì wo lẹ lè rìn dé? Ta lẹ fẹ́ kó mọ̀? Kí lẹ fẹ́ fi owó náà ṣe? Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ìdáhùn wọn. Tí wọ́n bá ní aṣọ ìsìnkú ara wọn ni, ẹ má jiyàn. Owó wọn ni.