Òǹtẹ̀ Ara Fàdákà

Láyé àtijọ́, ilà ojú ni wọ́n fi ń dá ọmọ ìlú kan mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ ilà í kà kò ní béèrè ilé baba onígọ̀ǹbọ́ kí ó tó mọ ibi tí ó ti wá. Fàdákà pẹ̀lú ní ilà tirẹ̀.

Ká ní obìnrin kan ní Ìbà jogún ẹ̀gbà ọrùn fàdákà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì ká a mọ́. Ó gbé e tọ ẹni tí ń ra fàdákà àtijọ́ lọ ní Ọ̀jọ́. Onítọ̀hún gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sanwó, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, ẹ̀gbà ti yọ́ nínú iná. Bóyá owó náà tó, bóyá kò tó, kò sí ẹni tí yóò lè sọ mọ́, nítorí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó wà ti bá iná lọ. Ó yẹ kí ènìyàn ka òǹtẹ̀ kí ó tó dé ìdí òṣùwọ̀n.

Òǹtẹ̀ yìí kéré púpọ̀. Inú òrùka ni ó máa ń wà, tàbí ara ìkọ́ ẹ̀gbà. Dígí tí ń mú nǹkan tóbi ni wọ́n fi ń wò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1300, ọba Edward Kìíní pàṣẹ pé kí ohun èlò fàdákà má kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ láìní orí ẹkùn lára. Ní 1363, òfin mìíràn ní kí alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, kí ẹni tí ó bá lu jìbìtì má lè rí ibi sá sí. Kìnnìún tí ń rìn dé ní 1544. Lára ohun àtijọ́, ó ń jẹ́rìí pé 925 nínú 1000 ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ilé olódi dúró fún Edinburgh, ìdákọ̀ró sì dúró fún Birmingham, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà jìnnà sí òkun. Lẹ́tà kan a sì máa sọ ọdún.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀gbà ọwọ́ dídán láàárín àlòkù òkèèrè ní Okokomáíkò, tí ó rí EPNS lára rẹ̀, kò rí fàdákà. Irin mìíràn ni wọ́n fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bẹ́ẹ̀ ni 925 nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni tí ó ní irin òǹtẹ̀ lè lù ú sára idẹ.

Àìní òǹtẹ̀ kò sì sọ pé ayédèrú ni. Láti 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ ṣílè fàdákà fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí idẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò rẹ̀ ní 1920. Ẹ̀gbà tí alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ rọ lè jẹ́ ojúlówó láìní àmì kankan. Ìyẹn ni ó mú kí ó ṣòro láti mọ ẹni tí ó ṣe é. Àwọn alágbẹ̀dẹ òde òní lè tún èyí ṣe: irin kékeré tí a gbẹ́ lẹ́tà sí lórí àti òòlù kan ti tó láti fi orúkọ sẹ́yìn iṣẹ́ wọn.