Kíkọ́ Èdè Túrkì Láìní Olùkọ́: Ẹ Má Fi Yorùbá Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà



Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí léèrè bóyá ènìyàn lè dá kọ́ èdè Túrkì fúnra rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èdè tí a bá fi ṣe àtẹ̀gùn ṣe pàtàkì. Èmi pàápàá ṣìnà níbẹ̀. Fún ọdún kan gbáko, ìwé tí a kọ fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń há sórí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ń ṣe gbogbo àkọsílẹ̀ mi. Nígbà tí ọdún parí, mo lè to ọ̀rọ̀-ìṣe sórí ìlà, ṣùgbọ́n n kò lè kí ènìyàn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè! Ojú tì mí. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni mo sì fi ń túmọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìwé náà fi odidi ojú-ewé kan ṣàlàyé pé "o" nínú èdè Túrkì lè dúró fún ọkùnrin, obìnrin tàbí nǹkan. Ọmọ Yorùbá wo ló nílò àlàyé yẹn? "Ó" tiwa kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. "Sen" ni wọ́n ń pe ojúgbà, "siz" ni wọ́n ń pe àgbà tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwọ àti ẹ̀yin náà nìyẹn.

Ẹ wo àǹkóò fáwẹ̀lì. "Ev" ni ilé, "evler" ni àwọn ilé. "At" ni ẹṣin, "atlar" ni àwọn ẹṣin. Fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ ló ń yan "-ler" tàbí "-lar". Àwa náà ní ewé, a ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í po e àti ẹ pọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ etí tó ti mọ àǹkóò kan kò ní í sá fún òmíràn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìkíni. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, "Kolay gelsin": kí ó rọrùn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, "Geçmiş olsun": kí ó di ohun àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó se oúnjẹ, "Elinize sağlık": ìlera fún ọwọ́ yín. Ẹni tó ti ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" láti kékeré mọ ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó jáde lẹ́nu.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Wọ́n sì ń tò ó léra wọn bí àwo. "Evlerimizden" ni "láti àwọn ilé wa": ilé, àwọn, wa, láti. Bẹ́ẹ̀ náà ni "geldi" àti "gelmiş". Méjèèjì ni "ó dé", ṣùgbọ́n ẹni tó ní "gelmiş" ń sọ pé òun kò sí níbẹ̀, òun gbọ́ ni, tàbí òun rí àmì rẹ̀. Ìwé lè sọ èyí fún wa. Inú ìtàkùrọ̀sọ ni yóò ti wọ̀ wá lára. Nítorí náà, ẹ dá kàwé, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Kíkà fúnra rẹ̀ kò le: láti ọdún 1928 tí wọ́n ti gba álífábẹ́ẹ̀tì Látìn, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, "ş" wọn sì ni "ṣ" wa.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn òbí tó ń fòfin de Yorùbá nínú ilé kí ọmọ wọn lè gbọ́ èdè àjèjì. Olùkọ́ tí ọmọ náà ní lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń lé lọ. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́.

Kolay gelsin o. Ẹ kú iṣẹ́.